Orúkọ Tí Roseline Sọ Àbúrò Ọkọ Rẹ̀

Bí irọ́ bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, kí eyín mẹ́ta tó ṣẹ́ kù sí mi lẹ́nu má bá mi dé ìdí iyán alẹ́ òní. Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Ọ̀fà mọ̀ pé n kì í fi iyán búra lásán. Àwọn ọmọ-ọmọ mi a máa sọ pé bí mo bá rí aláǹgbá lójú ọ̀nà, kí n tó délé ó ti di ọ̀nì. Ẹ má dá wọn lóhùn, ọmọdé ló ń ṣe wọ́n. Òótọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ìtàn Roseline ni, ìyàwó ilé wa, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní kí n kọ ọ́, nítorí ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa dá ìtìjú náà rù bí ẹni tó ru igi tútù tí kò rí ibi sọ ọ́ kalẹ̀.

Ìjàgbò ni wọ́n ti bí Roseline Àdìkẹ́. Katikíìsì ni bàbá rẹ̀ nínú ìjọ Áńgílíkà níbẹ̀. Nígbà tó dé yunifásítì, ẹ̀kọ́ ìsìn ló kọ́, olùkọ́ arúgbó kan tí dígí ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò sì kọ́ wọn ní èdè Gíríìkì ayé àtijọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń sunkún nítorí èdè náà. Roseline ní tirẹ̀ rí ohun tó dùn mọ́ ọn nínú rẹ̀, ìyẹn orúkọ àwọn ẹranko igbó. Kìnnìún o, àmọ̀tẹ́kùn o, ìkookò o, gbogbo wọn ló mọ̀ ní ahọ́n àwọn èèyàn tó ti di erùpẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Bó bá ń pè wọ́n, ẹ ó rò pé orógbó ló ń rún.

Ọdún 1983 ni Gbádé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, gbé e wọlé. Agbo ilé tiwa, ẹ̀sìn méjì ló ń gbé ibẹ̀, ìkòkò kan náà la sì ń bu ọbẹ̀ nínú rẹ̀. Gbádé ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Tàjùdéèn, àbúrò rẹ̀, ń lọ mọ́ṣáláṣí, bẹ́ẹ̀ náà ni Sherifat, àbúrò wọn obìnrin. Ìyá wọn, Alhaja Àṣàbí, a máa gbààwẹ̀ Ramadaani, a sì tún máa bá Gbádé jẹ ìrẹsì Kérésì.

Ẹ kúkú mọ àṣà wa. Ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ ní orúkọ àbísọ rẹ̀, ìbáà ṣe ọmọ tó ṣì ń rá. Ọkọ rẹ̀ ni gbogbo wọn. Yóò wò wọ́n lójú, yóò wo ìrìn wọn, yóò sì sọ kálukú ní orúkọ tirẹ̀. Bí àwọn ìyàwó ìṣáájú ti ń ṣe é nìyẹn: Akọ́wé, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, Adúmáadán. Roseline ní òun kò fẹ́ orúkọ tó ti gbó. Ó wo Sherifat, ọmọ ọlọ́rùn gígùn, ó ní, "Ẹ̀yin ni Dọ́káàsì mi." A bi í pé kí ni í jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní egbin ni, ní èdè Gíríìkì ọjọ́un. Sherifat na ọrùn sókè fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, a rò pé ó ti kán. Ó yíjú sí èmi náà, bàbá kékeré ọkọ rẹ̀, ó wo irùngbọ̀n mi, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ni Léọ́ọ̀nì." Kìnnìún nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ni ajá ilé wa ti ń dìde fún mi.

Ó wá ku Tàjùdéèn.

Káfíńtà ni Tàjùdéèn, ọkùnrin pẹ̀kẹ̀lẹ̀ tí apá rẹ̀ tó itan ẹlòmíràn. Aláwàdà ni, ọ̀jẹun sì ni. Nínú ọ̀sẹ̀ tí ìyàwó wọlé, àwọn ìyá rẹ̀ ń bọ̀ láti Ìjàgbò wá wo ibi tí ọmọ wọn wà. Alhaja Àṣàbí fún Roseline ní tòlótòló kan kó fi ṣe wọ́n lálejò. Tòlótòló náà tóbi débi pé, kó tó kú, àwọn ewúrẹ́ ilé wa a máa yà fún un lọ́nà. Roseline se é láti òwúrọ̀. Ó gún iyán, ó da aṣọ funfun bo ìkòkò ọbẹ̀, ó wá lọ wẹ̀.

Tàjùdéèn ti ṣọ́ọ̀bù dé. Ó ṣí ìkòkò. Ó jókòó tì í.

Nígbà tí àwọn àlejò jókòó tán, Roseline kúnlẹ̀, ó ṣí ìkòkò níwájú ìyá rẹ̀. Ọbẹ̀ wà níbẹ̀. Ọrùn tòlótòló náà wà níbẹ̀, ó dá wà láàárín epo bí ẹni tí wọ́n gbàgbé sí odò. Ìyá Roseline wo inú ìkòkò, ó wo ọmọ rẹ̀, ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ ní:

"Àdìkẹ́, ṣé ọrùn nìkan ni tòlótòló ilé ọkọ rẹ máa ń ní?"

Ojú ìyàwó pọ́n, ó wú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Ibẹ̀ ni Tàjùdéèn ti yọjú lẹ́nu ọ̀nà, tó ń fi igi tayín, tó ń rẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó, ọbẹ̀ yẹn ò ṣeé dákẹ́ lé o! Ṣùgbọ́n o ò tíì sọ mí lórúkọ ṣá. Àbí ẹranko ti tán nínú igbó yín?"

Roseline dìde, ó lọ síwájú rẹ̀, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ohùn rẹ̀ dùn bí oyin.

"Kò tán o. Ẹ̀yin ni Kápúrọ́ọ̀sì mi."

"Kápú kín ni?"

"Kápúrọ́ọ̀sì. Ẹranko ni. Alágbára gidi ni. Bó bá wọ oko, kò sí ohun tó lè dá a dúró. Ọdẹ tó bá pàdé rẹ̀ lójijì, igi ló ń gùn."

"Háà! Kápúrọ́ọ̀sì!" Tàjùdéèn lu àyà rẹ̀. "Ẹ gbọ́? Èmi lọdẹ ń sá fún!"

Kò sí irọ́ kankan nínú ohun tó sọ. Èyí tó fi pamọ́ ló burú. Èmi gan-an kò mọ̀ títí ọjọ́ fi gorí ọjọ́, ṣùgbọ́n n kò ní jẹ́ kí ẹ̀yin dúró pẹ́ bí mo ṣe dúró. Kápúrọ́ọ̀sì ni àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ ń pe ìmàdò, ẹlẹ́dẹ̀ igbó, èyí tí í ti imú bọ ebè ànàmọ́ olóko, tí í jẹ ohun tí wọn kò gbìn fún un. Ó wo àbúrò ọkọ rẹ̀, mùsùlùmí tí kì í pa ìrun kan jẹ, ó sì sọ ọ́ ní ẹlẹ́dẹ̀, lórí ìkúnlẹ̀.

Roseline sọ fún mi pé òun lọ fi ìrọ̀rí bo ẹnu lálẹ́ ọjọ́ náà, òun rẹ́rìn-ín títí inú fi run òun. Ó rò pé yóò mọ sí inú ilé ni, pé bí inú òun bá ti rọ̀, òun yóò fi orúkọ mìíràn pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ tí ìyàwó bá sọni kì í gbé kọ̀rọ̀. Sherifat gbé e dé ìdí omi. Àwọn ọmọ gbé e dé ojú títì. Kí ó tó di ọdún kejì, Tàjùdéèn ti gbé pátákó kan sókè níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, lẹ́bàá ojú irin, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ga tó ọmọ ọlọ́dún méjì: KAPROS, ỌBA KÁFÍŃTÀ. Àwọn tó ń bọ̀ láti Òjòkú wá ra bẹ́ẹ̀dì a máa bèèrè Kápúrọ́ọ̀sì. Lèmọ́mù a máa kí i lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí pé, "Kápúrọ́ọ̀sì, asalaamu alaekun."

Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ lẹ́nu Roseline. Síbẹ̀, kò tíì kan egungun. Ọdún 1987 ló kan egungun.

Oyún àkọ́bí rẹ̀ ni. Gbádé wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Lọ́kọ́ja, ọmọ náà sì kọ̀, kò wá bó ṣe yẹ. Tàjùdéèn da pákó oníbàárà sílẹ̀ láti inú píkọ́ọ̀pù rẹ̀, ó tẹ́ tìmùtìmù síbẹ̀, ó gbé ìyàwó sínú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Èmi jókòó lẹ́yìn, mo di Roseline mú. Mo fi eyín mi búra, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò kan ilẹ̀ títí a fi dé ọsibítù. Ọmọ wálẹ̀ láàyè, obìnrin, òun ni Ọmọ́ládé. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ìyá ọmọ ń dà. Dókítà ní àfi kí wọ́n rí ẹ̀jẹ̀ tó bá tirẹ̀ mu. Tèmi kò bá a mu. Ti Tàjùdéèn bá a mu. Ó na apá gbàgìdì yẹn sílẹ̀, ó ní kí wọ́n fà á bí wọ́n bá ṣe fẹ́.

Ìgbà tí Roseline lajú, Tàjùdéèn ló rí ní ìdí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, lẹ́búlẹ́bú pákó ṣì wà nínú irun rẹ̀.

"Ìyàwó, o ti jí? Ó parí! Ẹ̀jẹ̀ Kápúrọ́ọ̀sì ti wọ inú rẹ. Láti òní lọ, ìwọ náà ti di Kápúrọ́ọ̀sì!"

Àwọn nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Roseline kọjú sí ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. A ní ayọ̀ ni. Ìyá rẹ̀ tó ti dé láti Ìjàgbò, òun tó sọ̀rọ̀ ọrùn tòlótòló nígbà yẹn, kúnlẹ̀ níwájú Tàjùdéèn, ó ń pè é ní Kápúrọ́ọ̀sì, ó ń súre fún un. Roseline ń gbọ́. Ó sọ fún mi pé ńṣe ló dà bíi pé ìyá òun ń fi ẹnu òun bú ọkùnrin náà.

Láti ìgbà náà ló ti dẹ́kun pípe orúkọ náà. Ó gbìyànjú láti gbà á padà. Lọ́jọ́ kan tí Tàjùdéèn ń tún ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣe, ó ní:

"Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní òmíràn. Mo ti rí èyí tó dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

Tàjùdéèn sọ òòlù kalẹ̀. "Kí ni mo ṣe? Ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?"

"Rárá o. Mo kàn ní kí n..."

"O kàn ní kí o gba orúkọ lọ́wọ́ mi? Ìyàwó, bàbá mi fún mi ní Tàjùdéèn, ó dáa. Ṣùgbọ́n mélòó ló ń jẹ́ Tàjùdéèn ní Ọ̀fà yìí? Ìwọ lo rí mi tí o fún mi ní tèmi nìkan. Má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́."

Roseline fi orúkọ náà sílẹ̀ fún un. Bó bá ń lọ sí ilé ìwé tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ, a máa gba ẹ̀yìn ọjà Ọwọ́dé yípo, kí ó má bàa kọjá níwájú pátákó yẹn. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ kò tún gbọ́ orúkọ ẹranko lẹ́nu rẹ̀ mọ́ ní èdè kankan. Mo ti gbọ́ ọ tó ń gbàdúrà nínú yàrá, ó kàn ń ní, "Olúwa, gbà mí lọ́wọ́ ẹnu mi." Mo rò pé òfófó ló ṣe.

Ó di ọdún 1994. Tàjùdéèn ń lọ sí Mẹ́kà.

Ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀ láàárín wa, kì í lọ láìyí agbo ilé ká. Yóò bá àgbà, yóò bá ọmọdé, yóò ní kí wọ́n dárí ji òun, nítorí kò dára kí ènìyàn ru ẹ̀sùn ẹlòmíràn dé iwájú Ọlọ́run. Tàjùdéèn bẹ̀ mí, mo dárí jì í, kódà mo rántí gààrí kan tó jẹ mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà tó wà lọ́mọdé, mo dárí ìyẹn náà jì í. Lẹ́yìn ìrun alásàrí, ó gba ìta yàrá Roseline lọ. Mo wà nínú yàrá tó kángun sí tirẹ̀, mo sùn sórí ẹní lábẹ́ fèrèsé. Ojú mi sùn ni o. Etí mi ni kò sùn.

Ó gbé báàgì ìrìn àjò rẹ̀ dání láti fi hàn án. Ó ti ní kí ayàwòrán fi ọ̀dà pupa kọ KAPROS sí i lára gbàdàgbàdà.

"Kí ó má bàa sọnù ni. Ní Mẹ́kà, àwọn Tàjùdéèn á pọ̀ bí èèrà. Ṣùgbọ́n Kápúrọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni yóò wọ ibẹ̀!"

Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ yí padà, mo gbọ́ tí eékún rẹ̀ kan ilẹ̀.

"Ìyàwó, mò ń lọ síwájú Ọlọ́run. Ohun tí mo bá ti ṣe fún ọ, ní mímọ̀ tàbí ní àìmọ̀, jọ̀wọ́, fi orí jì mí."

"Ẹ dìde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀ mí."

"Mo gbọ́dọ̀ bẹ̀ ọ́."

"Ẹ má gbé báàgì yẹn lọ."

"Báàgì? Kí ló ṣe báàgì?"

Mo gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí.

"Kápúrọ́ọ̀sì," ó ní, "ìmàdò ni."

"Ìmàdò?"

"Ẹlẹ́dẹ̀ igbó."

Adìyẹ kan ké ní àgbàlá. Mo dìde jókòó. Mo rí wọn láti ojú fèrèsé, àwọn méjèèjì lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n kọjú síra wọn, báàgì wà láàárín.

"Ẹlẹ́dẹ̀," Tàjùdéèn ní. "Mo kọ ọ́ sí ojú títì. Lèmọ́mù ń fi pè mí. Ìyá mi ń fi súre fún mi." Ó fi ọwọ́ kan lẹ́tà pupa náà, ó sì yára yọ ọwọ́. "Mo ti ń gbé e lọ sí Kaaba ní Mẹ́kà."

"Ẹ pa mí," Roseline ní. "Ẹ kúkú pa mí."

"Kí ni mo ṣe ọ́?"

"Tòlótòló. Ọjọ́ tí àwọn ìyá mi wá."

Mo retí kí ó pariwo. Ó ní ẹ̀tọ́ láti pariwo. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni, bí orí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù lé.

"Mo mọ̀ pé ti àlejò ni," ó ní.

Roseline wò ó.

"Sherifat ti sọ fún mi ní ẹnu ọ̀nà kí n tó wọlé. Mo ní kí n wò ó bóyá ìyàwó alákọ̀wé yóò lè bínú sí wa. Mo ní mo máa mú díẹ̀ ni, mo mú díẹ̀, mo tún mú díẹ̀. Nígbà tí ìyá rẹ wá sọ̀rọ̀ ọrùn yẹn, ẹ̀rín ni mo fi bo ojú mi, torí n kò mọ ibi tí mo lè gbé e sí mọ́." Ó mí kanlẹ̀. "Ohun tí mo wá bẹ̀ ọ́ fún gan-an nìyẹn. N kò ní ẹnu tí mo lè fi dárúkọ rẹ̀. Mo wá fi 'mímọ̀ tàbí àìmọ̀' bò ó."

Àwọn bàbá wa ní ìmàdò ì bá ṣe bí ẹlẹ́dẹ̀, a bàlú jẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, n kò mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí nínú àwọn méjèèjì.

"Ta ló tún mọ̀?" Tàjùdéèn bi í.

"Èmi àti Ọlọ́run." Mo rọra dùbúlẹ̀ padà.

"Jẹ́ kó mọ bẹ́ẹ̀. Má sọ fún Gbádé, má sọ fún ìyá mi. Bí mo bá kú, ṣe é bí o bá ṣe fẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà láyé, má jẹ́ kí ẹnì kan fi mí rẹ́rìn-ín."

"Ṣé ẹ dárí jì mí?"

Ó wo báàgì náà. "Mo ti ní mo dárí ji gbogbo ènìyàn. N kò lè yọ ìwọ sílẹ̀." Ó ti báàgì náà sí i lẹ́sẹ̀. "Bá mi fi èyí pamọ́. N kò fẹ́ rí i mọ́."

Báàgì ìyá rẹ̀ tó ti gbó ló gbé lọ sí Mẹ́kà. Alhaja bi í pé kí ló ṣe tuntun, ó ní síìpù rẹ̀ ti já.

Ọjọ́ tó padà dé, gbogbo agbo ilé pé jọ. "Alhaji Kápúrọ́ọ̀sì! Alhaji Kápúrọ́ọ̀sì!" Ariwo náà gba afẹ́fẹ́. Roseline kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó wolẹ̀, ó ní, "Ẹ kú àbọ̀, Alhaji."

"Alhaji wo nìyẹn?" Sherifat kígbe. "Ilẹ̀ yìí kún fún Alhaji! Ìyàwó, pè é dáadáa. Orúkọ tí o fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́!"

Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń dúró dè é. Kò lè pe Tàjùdéèn, àṣà kò gbà. Kò lè pe èkejì. Tàjùdéèn wò ó, ó ní kí ó pe òun bẹ́ẹ̀, Alhaji nìkan, ó tó òun. Ó na ìbòrí kan tó rà fún un láti Mẹ́kà sí i. Roseline fi nu ojú rẹ̀ kí ó tó fi bo orí.

Pátákó náà wálẹ̀ lọ́sẹ̀ náà. Alhaji ní ikán ti jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló lè gbé orúkọ wálẹ̀ lẹ́nu ìlú? Bí wọ́n bá kí i láti òdìkejì títì, a máa na ọwọ́ sókè. Kò tún fi ẹnu dáhùn mọ́. Títí di ọdún 1999 tó kú, n kò tún gbọ́ kí ó lu àyà rẹ̀. Lọ́jọ́ tó kú, wọ́n fi gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí kéde rẹ̀ fún gbogbo àdúgbò, orúkọ tí wọ́n sì pè, ẹ mọ̀ ọ́n. Roseline ṣubú lulẹ̀ ní àgbàlá. Àwọn obìnrin gbé e dìde, wọ́n ní, "Ó mà fẹ́ràn àbúrò ọkọ rẹ̀ o."

Ó fẹ́ràn rẹ̀ lóòótọ́.

Ibi tí ṣọ́ọ̀bù náà wà, àwọn ọlọ́kadà ti sọ ọ́ ní Kápúrọ́ọ̀sì báyìí. "Kápúrọ́ọ̀sì, ẹnì kan! Kápúrọ́ọ̀sì!" Agbo ilé wa kò ju ìwọ̀n ìsọ̀kò kan lọ sí ibẹ̀. Roseline ti fẹ̀yìn tì, orúnkún ń dùn ún. Síbẹ̀, bó bá ń bọ̀ láti ọjà, kò lè sọ fún ọlọ́kadà pé ibẹ̀ ni òun ń lọ. A máa sọ̀ kalẹ̀ ní ibi tó ṣáájú rẹ̀, yóò gbé ẹrù rẹ̀ lérí, yóò sì fi ẹsẹ̀ rìn ín, tòun ti ìbòrí Mẹ́kà lórí rẹ̀. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé títí dìgbà wo. Ó ní, "Bàbá Kékeré, títí wọn ó fi gbàgbé."

Mo dẹ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí. Ó ní ẹni tó bá kà á yóò ṣíwọ́ pípe orúkọ náà. Ká máa wò ó.

Ó ku ohun kékeré kan, nítorí iyán alẹ́ òní. Ẹ gbọ́ orúkọ tí Roseline pè mí lókè yẹn. Bàbá Kékeré. Ohun tó ń pè mí nìyẹn láti ọjọ́ tó ti wọlé, nítorí bàbá ni mo jẹ́ fún un, a kì í sì í sọ bàbá lórúkọ. Kò sí Léọ́ọ̀nì níbì kankan. Èmi ni mo bi í lẹ́yìn ọdún púpọ̀ bí wọ́n ṣe ń pe kìnnìún, tí mo sì fi sí orí ara mi. Ajá ilé wa náà kò dìde fún mi rí.